Ọ̀dàn Borgou Ń Gba Kábọ́ọ̀nù Wọlé: Ta Ló Ń Ka Èyí Tó Ń Jáde?

Ní Titirou, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní àwọn àdúgbò Parakou yòókù, èédú ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń se oúnjẹ. Àwọn abúlé tó yí ìlú ká ló ń sun ún, ọkọ̀ àti alùpùpù ló ń kó o wọ̀lú, obìnrin tó sì fẹ́ rà á yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó le, bóyá kò ní tètè jó tán. Iye owó rẹ̀ la máa ń jiyàn lé lórí. Ohun tó wà nínú àpò náà gan-an la kì í sábà bèèrè. Afẹ́fẹ́ ni. Igi ló gbà á láti ojú ọ̀run, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kó o jọ sínú ara rẹ̀, kí ìkòkò ẹ̀wà kan sì tó jinná, apá kan rẹ̀ ti padà síbi tó ti wá. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀dàn ẹkùn Borgou àti ẹkùn Donga ní àríwá Benin, níbi tí èèyàn kò bá ti dí i lọ́wọ́, ń gba kábọ́ọ̀nù wọlé ju èyí tó ń tú jáde lọ. Pé ohun tí àwa èèyàn ń kó kúrò níbẹ̀ ló ń pinnu ibi tí ìṣirò náà máa parí sí. Àti pé ètò yòówù tó bá ń ka ìwọlé láìka ìjáde, ì báà jẹ́ ti ìjọba, ì báà jẹ́ ti àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun tó ń ra kírẹ́díìtì kábọ́ọ̀nù, ìyẹn tí wọ́n ń sanwó fún igbó kí wọ́n lè máa bá iṣẹ́ tiwọn lọ, kò lè sọ òótọ́ fún wa nípa ilẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ewé. Ní ọ̀sán, ihò kéékèèké tó wà lára ewé máa ń là, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù á gba ibẹ̀ wọlé, ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti omi tí gbòǹgbò fà sókè á sọ ọ́ di ṣúgà, ṣúgà yẹn ló sì ń di igi, èèpo, èso àti gbòǹgbò. Bí a bá gbé igi gbígbẹ lé òṣùwọ̀n, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n igi náà ń mí bí àwa náà ṣe ń mí. Lóru, nígbà tí kò sí oòrùn, títú jáde nìkan ló kù. Ikán tó ń jẹ igi òkú, ewé tó ń jẹrà, àwọn ohun abẹ̀mí inú ilẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, gbogbo wọn ló ń dá apá kan padà sínú afẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìjáde kúrò nínú ìwọlé ni àwọn onímọ̀ ń wá. Ó máa ń kéré púpọ̀ sí àwọn méjèèjì tí a fi rí i, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe kékeré nínú wíwọ̀n fi lè sọ ibi tó ń gbà di ibi tó ń tú jáde nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Parakou nìkan. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú ilẹ̀ àti epo rọ̀bì, nǹkan bí ẹyọ 280 nínú mílíọ̀nù kan ni afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó wà lójú ọ̀run. Ó ti kọjá 420 báyìí. Nínú gbogbo èyí tí èèyàn ń tú sókè lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdajì péré ló ń dúró sínú afẹ́fẹ́. Òkun ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, igbó àti ọ̀dàn ayé sì ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ti gbà pé igbó kìjikìji bíi ti Amazon àti Congo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ní 2015, Anders Ahlström àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé bí iye tí ilẹ̀ ayé ń gbà ṣe ń pọ̀ lọ́dún kan tó sì ń dín lọ́dún kejì, àwọn ilẹ̀ tí òjò wọn kò pọ̀ púpọ̀ ló wà nídìí rẹ̀ jù. Ọ̀dàn wà lára irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ koríko àti igi òrí tí arìnrìn-àjò ń wò láti ojú fèrèsé ọkọ̀ láàárín Tchaourou àti N'Dali, tó rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wà nínú ìṣirò gbogbo ayé.

Ibi díẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn kábọ́ọ̀nù tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ní Áfíríkà, oríire wa sì ni pé àríwá Benin wà lára wọn. Láti òpin àwọn ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ Benin àti ti Faransé ti ń wọn òjò àti omi ilẹ̀ ní òkè odò Ouémé, nínú ètò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AMMA-CATCH lónìí. Nígbà tó yá, wọ́n ri òpó onírin mọ́lẹ̀ ní Nalohou, lágbègbè Djougou, níbi tí oko, koríko àti igi àìtò ti dàpọ̀ mọ́ra. Wọ́n ri òmíràn sí Bélléfoungou, tí kò jìnnà síbẹ̀, láàárín ọ̀dàn tí igi rẹ̀ pọ̀. Lórí òpó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kan ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń lọ sókè sódò ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, èkejì sì ń wọn iye kábọ́ọ̀nù tó wà nínú afẹ́fẹ́ kan náà. Bí afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ bá ní kábọ́ọ̀nù nínú ju èyí tó ń gòkè lọ, a jẹ́ pé ewé àti ilẹ̀ ti gba ìyàtọ̀ náà. Wọ́n ń ṣe èyí láti àárọ̀ dé alẹ́, láti ìgbà òjò dé ìgbà ọyẹ́, wọ́n sì ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni. Mo gbà pé kò sí iṣẹ́ ìmọ̀ kankan tó ti wúlò tó báyìí fún òye wa nípa ilẹ̀ àríwá, bẹ́ẹ̀ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní Parakou kò pọ̀.

Onímọ̀ Expédit Ago, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Abomey-Calavi, ní Gembloux ní Bẹ́ljíọ̀mù àti ní Faransé, gbé èsì Nalohou jáde ní 2014. Èsì Bélléfoungou tẹ̀ lé e. Ní Nalohou, ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti lóòró gba kábọ́ọ̀nù tó lé díẹ̀ ní 200 gíráàmù mọ́ra lọ́dún, ìyẹn ni tọ́ọ̀nù méjì àti díẹ̀ lórí hẹ́kítà kan. Ní Bélléfoungou, ó lé ní 600 gíráàmù, tó túmọ̀ sí tọ́ọ̀nù mẹ́fà àti díẹ̀ lórí hẹ́kítà. Ẹ kíyè sí i pé Bélléfoungou kì í ṣe igbó tí ọwọ́ èèyàn kò kàn rí. Àwọn tó wọ̀n ọ́n fúnra wọn sọ pé igbó tí wọ́n ti ṣá lára rẹ̀ ni. Síbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta oko àti koríko Nalohou, òjò kan náà ló sì ń rọ̀ sí àwọn méjèèjì. Igi ló fa ìyàtọ̀. Gbòǹgbò igi jìn, ewé rẹ̀ ń pẹ́ kí ó tó wọ́, ó sì ń rí omi fà nígbà tí koríko ti gbẹ.

Ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń darí gbogbo rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá tí òjò ń rọ̀ ní agbègbè Parakou ni ọ̀dàn ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ihò ewé á pa dé kí omi má bàa tán lára igi, koríko á kú, ọ̀dàn ò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gba nǹkan kan mọ́. Ó lè máa tú díẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni òjò àkọ́rọ̀ á dé, ohun àrà kan á sì ṣẹlẹ̀ tí ojú kò rí. Àwọn ohun abẹ̀mí inú ilẹ̀ tí wọ́n ti sùn láti oṣù mélòó kan á jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa jẹ gbogbo òkú ewé àti gbòǹgbò tó wà nílẹ̀, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù á sì rú jáde láti inú ilẹ̀ kí ewé tuntun kan tó yọ. H. F. Birch, onímọ̀ ilẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1958, orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sì fi ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà títí di òní. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ó kọ́ wa ní ohun pàtàkì kan: ẹni tó bá wọn ọ̀dàn ní oṣù Kẹjọ nìkan yóò ní ó ń gbà gan-an, ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ òjò àkọ́rọ̀ yóò ní ó ń tú jáde, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ nípa ọjọ́ tiwọn. Ọdún odindi ni ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé.

Kí wá ni ìṣòro? Bí òpó méjèèjì bá sọ pé ilẹ̀ wa ń gbà, kí ló dé tí a kò fi inú dídùn gba ìyìn? Ìdí ni pé òpó náà kò rí ohun gbogbo. Ohun tó gba inú afẹ́fẹ́ kọjá ní àyíká rẹ̀ nìkan ló ń kà. Nígbà tí àgbẹ̀ bá wa iṣu rẹ̀ tó sì kó o lọ sọ́jà Arzèkè ní Parakou, kábọ́ọ̀nù inú iṣu náà ti kúrò ní oko láìgba iwájú ẹ̀rọ kọjá. Inú èèyàn tó jẹ ẹ́ ni yóò ti padà di afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwú, àgbàdo, igi ìdáná àti èédú. Iná tó bá jó koríko ní ẹ̀ẹ̀rùn náà ń yára kọjá, ẹ̀rọ kì í sì í sábà mú un dáadáa. Oníṣòwò tó ń kọ owó tó wọlé sínú ìwé rẹ̀, tí kò kọ èyí tó fi ra ọjà, yóò máa yọ̀ títí ọjọ́ tí igbá yóò fi ṣófo; irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ní lọ́wọ́ nípa ọ̀dàn. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tó ri òpó mọ́lẹ̀. Wọ́n ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ìdajì kejì ló kù, ọwọ́ wa ló wà.

Ẹ̀rí láti ẹ̀gbẹ́ wa tún fi ohun mìíràn kún un. Ní ibodè Burkina Faso àti Gánà, àwọn onímọ̀ wọn afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ní ibi mẹ́ta tí kò jìnnà síra: Nazinga ní Burkina Faso, tó jẹ́ igbó ẹranko tí ìjọba ń dáàbò bò, àti Kayoro pẹ̀lú Sumbrungu ní Gánà, tí wọ́n jẹ́ ilẹ̀ oko, ilẹ̀ tó ń sinmi àti pápá ìjẹko. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 sọ pé Nazinga ń gba kábọ́ọ̀nù, pé àwọn méjì yòókù ń tú u jáde lọ́dún tí wọ́n wọ̀n wọ́n. Ojú ọjọ́ kan náà, irú ilẹ̀ tó jọra, ìlò ilẹ̀ ló yàtọ̀. Bí a bá fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ Nalohou àti Bélléfoungou, ohun tí gbogbo wọn ń sọ kò ta kora: bí igi bá ṣe ń dín, bẹ́ẹ̀ ni èrè ń dín, títí yóò fi di àdánù.

Ìgbà náà ni ìròyìn wá láti ojú ọ̀run fúnra rẹ̀. Ní 2019, Paul Palmer ti Yunifásítì Edinburgh àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lo àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì méjì, GOSAT ti Japan àti OCO-2 ti àjọ NASA, láti ṣírò ohun tí àwọn ilẹ̀ olóoru ń gbà àti ohun tí wọ́n ń tú jáde. Wọ́n rí i pé ilẹ̀ olóoru Áfíríkà lápapọ̀ tú kábọ́ọ̀nù tó ju bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ sínú afẹ́fẹ́ ní 2015, bákan náà ní 2016. Ibi méjì ni wọ́n nàka sí pé ó ti pọ̀ jù: ìwọ̀ oòrùn Etiópíà, àti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níhà tiwa. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ onímọ̀, nítorí iye náà pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni ti ń retí lọ. Kíá ni àwọn kan sọ pé sátẹ́láìtì ló ṣì í. Àwíjàre wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: nígbà òjò, ìkúukùu ń bo ilẹ̀ wa mọ́lẹ̀ lójú sátẹ́láìtì, nígbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ ń dà á láàmú, ọdún 2015 àti 2016 sì jẹ́ ọdún El Niño, tí ooru pọ̀ jù lọ́pọ̀ ibi.

Èwo ni ká wá gbà gbọ́, òpó onírin Djougou tàbí sátẹ́láìtì? Ní tèmi, mi ò rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. Òpó ń wo ilẹ̀ tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan yí ara rẹ̀ ká, ewé àti ilẹ̀ nìkan ló sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Sátẹ́láìtì ń wo gbogbo rẹ̀ papọ̀: ewé, ilẹ̀, iná ọ̀dàn, igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán fún oko iṣu tuntun, òkìtì erùpẹ̀ tó ń rú èéfín níbi tí wọ́n ti ń sun èédú, àti ààrò gbogbo ìlú láti Djougou dé Parakou. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí ewé máa gbà, kí gbogbo agbègbè sì máa tú jáde. Mi ò sọ pé iye tí Palmer rí péye. Ó lè pọ̀ jù gan-an. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ síra ni ibi tí èèyàn wà, ibẹ̀ gan-an ni kò sì sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpò èédú kan ṣe ìṣirò, kí ọ̀rọ̀ yìí lè sún mọ́ ilé. Bí wọ́n ṣe ń sun èédú lábẹ́ erùpẹ̀ ní ìgbèríko wa, igi gbígbẹ tó tó tọ́ọ̀nù márùn-ún sí méje ló sábà máa ń lọ sí tọ́ọ̀nù èédú kan. Ká ní àpò kan wọn 40 kílógíráàmù, ká sì mú mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n: igi tó tó 240 kílógíráàmù ló bí i, kábọ́ọ̀nù inú igi náà sì jẹ́ 120 kílógíráàmù. Bí mítà kan níbùú àti lóòró ní Nalohou bá ń gba 200 gíráàmù lọ́dún, iṣẹ́ ọdún kan gbáko lórí ọgọ́rùn-ún mẹ́fà irú mítà kan níbùú àti lóòró bẹ́ẹ̀ ló wà nínú àpò kan yẹn. Ilé tó bá ń lo àpò kan lóṣù ń jẹ iṣẹ́ ọdọọdún ilẹ̀ tó lé ní ìdajì hẹ́kítà dáadáa. Ìṣirò yìí tilẹ̀ ṣojú àánú fún wa, nítorí púpọ̀ nínú 200 gíráàmù náà, koríko àti irè oko ni ó di, kò di igi. Ìkànìyàn 2013 sọ pé àwọn tó ń gbé Parakou lé ní 255,000, wọ́n sì ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Kí olùkà fúnra rẹ̀ ro ó títí dé ibi tí ìlú ń parí sí. Ohun mìíràn tún wà: igi tó ń jó lábẹ́ erùpẹ̀ láìrí afẹ́fẹ́ tí ó pọ̀ tó máa ń tú mẹtéènì jáde, tí agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún fi nǹkan bí ìlọ́po 28 ju ti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù lọ, tí a bá fi ìwọ̀n kan náà wé ara wọn. Àwọn igi tó le, bí àyìn, sì ni àwọn asunèédú fẹ́ràn jù, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn ló ń pẹ́ jù kí wọ́n tó dàgbà.

Àwọn kan yóò sọ pé iná ọ̀dàn àti igi ìdáná kì í ṣe ohun tuntun, pé koríko tó jó lọ́dún yìí á tún hù lọ́dún tó ń bọ̀, tí yóò sì gba kábọ́ọ̀nù kan náà padà. Ní ti koríko, òótọ́ ni wọ́n sọ. Áfíríkà ló ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ tí iná ń jó lágbàáyé lọ́dọọdún, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ koríko ọ̀dàn tó ń hù padà. Ìgbà tí iná bá jó ló ṣe pàtàkì, ilẹ̀ Yorùbá gan-an la sì ti rí ẹ̀rí tó dára jù fún èyí. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Olókèméjì, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Wọ́n pín ilẹ̀ kan sí mẹ́ta: ọ̀kan ni wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kan ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta. Nígbà tí àwọn onímọ̀ igbó Charter àti Keay gbé èsì rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún 28, ilẹ̀ tí iná kò kàn ti di igbó tó ṣú. Èyí tí wọ́n ń sun ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jẹ́ pápá tí igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì. Iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kì í gbóná púpọ̀ nítorí pé omi ṣì wà lára koríko. Iná oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ń pa ọmọ igi, ọmọ igi yẹn ni kábọ́ọ̀nù ọdún mẹ́wàá sí ogún tó ń bọ̀. Òfin igbó Benin ti 1993 ti sọ̀rọ̀ lórí iná. Kí àwọn abúlé àti àwọn òṣìṣẹ́ igbó fẹnu kò lórí ọjọ́ tí wọn yóò sun ún ni ó ṣòro, pàápàá níbi tí àgbẹ̀, ọdẹ àti darandaran ti ń lo ilẹ̀ kan náà, tí oníkálukú sì ní ìdí tirẹ̀ láti ṣá iná.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti òtòṣì. Gbogbo Áfíríkà kò tú ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí epo, gáàsì àti èédú ilẹ̀ ń mú wá lágbàáyé. Ta ni yóò wá sọ fún ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní Titirou pé àdògán rẹ̀ ló ń ba ayé jẹ́? Èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í ṣe òótọ́. Àwọn tó ti jó epo fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ ló jẹ gbèsè náà. Ṣùgbọ́n ìdí méjì wà tí ìṣirò yìí fi jẹ́ tiwa. Èkíní, owó ti ń wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun fẹ́ máa sanwó fún igbó Áfíríkà kí wọ́n lè máa bá iṣẹ́ tiwọn lọ, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí ilẹ̀ òun ń gbà àti ohun tó ń tú jáde, iye tí ẹlòmíràn bá dá lé e ni yóò gbà. Èkejì, igi tó ń dín kì í ṣe kábọ́ọ̀nù nìkan. Òun ni òrí, òun ni irú, òun ni òjìji fún ẹran, òun ló ń jẹ́ kí omi òjò rin ilẹ̀ kó tó ṣàn lọ sí odò Okpara tí Parakou ń mu. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà náà ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára nígbà tí èédú bá ń ti ọ̀nà jíjìn wá, tí owó rẹ̀ sì ń lé sí i. Nítorí náà, àǹfààní tirẹ̀ ni kí gáàsì dínwó, kí ààrò tí kì í jẹ èédú púpọ̀ sì dé ọjà ní iye tó lè rà. Kò sí ìdí láti bá a wí.

Àwọn mìíràn á ní: ẹ jẹ́ ká máa gbin igi, gbogbo rẹ̀ á yanjú. Láti 1985 ni Benin ti ń ṣe Ọjọ́ Igi ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ní 2013 sì ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò igi mílíọ̀nù mẹ́wàá fún èèyàn mílíọ̀nù mẹ́wàá. Gbígbin igi dára, mi ò ní sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n èèyàn a máa ka igi tí a gbìn, a kì í ka èyí tó kú ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, a kì í sì í ka igi àtijọ́ tí wọ́n gé ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ọmọ igi kan yóò pẹ́ kí ó tó gba ohun tí igi apá tàbí ọ̀gànwó àtijọ́ kan ti kó jọ. Ọgbà kajú tó gbòòrò ní àyíká Parakou àti Tchaourou ń gba kábọ́ọ̀nù dájúdájú, ó sì ń mówó wá. Tí ó bá jẹ́ pé orí oko tó ti rẹ̀ la gbìn ín sí, èrè ni. Tí ó bá jẹ́ pé ọ̀dàn tó ní igi la kọ́kọ́ ṣán, tí a sì sun, gbèsè ọ̀pọ̀ ọdún ni ọgbà náà fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yá jù, tí kò sì gbówó púpọ̀, ni kí a jẹ́ kí kùkùté àti gbòǹgbò tó wà nílẹ̀ yọ padà. Igi ọ̀dàn mọ ọ̀nà yẹn. Bí iná ẹ̀ẹ̀rùn àti àáké bá fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ó ń dìde láìsí ẹni tó bomi rin ín. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ rí i pé afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ti pọ̀ sí i lójú ọ̀run ń ran igi ọ̀dàn lọ́wọ́ láti borí koríko. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ yẹn kò lè kan igi tí wọ́n ti gé.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòro láti sọ. Kí àwọn òpó Djougou má kú nígbà tí owó òkè òkun bá tán. Kí ìjọba Benin fi owó tirẹ̀ sí i, kí a sì ri òmíràn mọ́lẹ̀ ní Borgou, ọ̀kan nínú igbó ìjọba ní Ouémé Supérieur, ọ̀kan nínú oko iṣu, ọ̀kan nínú ọgbà kajú. Kí Yunifásítì Parakou rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ìlú láti máa ka àpò èédú àti ìdì igi tó ń wọlé, ní ìgbà òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì máa tẹ iye rẹ̀ jáde lọ́dọọdún kí gbogbo ìlú lè rí i. Kò gba sátẹ́láìtì, kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ìwé àti òṣùwọ̀n ló gbà. Kí ìjọba Benin tó fọwọ́ sí àdéhùn kírẹ́díìtì kábọ́ọ̀nù kankan lórí igbó àríwá, kí àwọn aṣòfin bèèrè fún ìwé ìṣirò yẹn, kí wọ́n má sì fọwọ́ sí i tí kò bá sí.